Ibùwọ̀ Àlejò àti Ohun tí a Fi Pamọ́: láti Ọ̀nà Obì Gbàǹja dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lórí òwe yìí ni gbogbo ìtàn ibùwọ̀ àlejò dúró lé. Ẹni tí ó dé ìlú tí kò dé rí gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò mọ ilé tí ó dára, kò mọ iye tí ó yẹ kí ó san, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí ó lè fọkàn tán. Ẹni tí ó gbà á sílé mọ gbogbo rẹ̀. Láàárín àìmọ̀ àlejò àti ìmọ̀ onílé ni èrè ti ń jáde, láyé àtijọ́ àti lóde òní.

Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Priceline ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àlejò fúnra rẹ̀ ni yóò sọ iye tí ó fẹ́ san fún ibùsùn, ṣùgbọ́n kò ní mọ orúkọ ilé ìtura tí yóò sùn sí títí yóò fi sanwó tán. Ẹ̀dínwó ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà náà wé èyí tí ìlú wa Parakou fi ń gba àlejò nígbà kan. A ó rí i pé nínú ètò ìgbàlejò méjèèjì, ohun kan wà tí a ń fi pamọ́. Ìbéèrè tí òpìtàn gbọ́dọ̀ bèèrè ni pé: kí ni a fi pamọ́, ta ni ìpamọ́ náà sì ṣe láǹfààní?

Ìlú tí ó ń gba àlejò

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, Parakou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí àwọn oníṣòwò ti ń sinmi láàárín ilẹ̀ Hausa àti ọjà Salaga ní Gonja, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Ghana lónìí. Obì ni olórí ohun tí wọ́n ń lọ rà. Èdè wa kò tíì gbàgbé ọ̀nà náà: obì aláwẹ́ méjì tí à ń pè ní gbàǹja, orúkọ Gonja ni ó ń jẹ́. Nikki àti Djougou wà lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Kaiama ní apá ìlà-oòrùn Borgu, ó pàdé ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò Hausa tí ń ti Gonja bọ̀. Ó ròyìn pé ènìyàn tó ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin, pẹ̀lú màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹṣin, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà.

Níbo ni ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò sùn? Kò sí ilé ìtura kankan nígbà náà. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú orúkọ àdúgbò tí a mọ̀ dáadáa: Zongo. Láti inú ọ̀rọ̀ Hausa ni ó ti wá, ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ó sì túmọ̀ sí. Ìdáhùn kejì ni àwọn ìdílé Wangara, àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò tí wọ́n tẹ̀dó sí àwọn ìlú Borgu, tí èdè Dendi sì di èdè òwò wọn ní Parakou àti Djougou. Denise Brégand kọ odidi ìwé kan lórí wọn, tí ó jáde ní èdè Faransé ní ọdún 1998. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní ìlú yìí kà á.

Nínú irú àwọn ilé wọ̀nyí ni baálé àlejò wà. Màígídá ni àwọn Hausa ń pè é; àwọn tí ń sọ èdè Mande ń pè é ní jatigi. Iṣẹ́ rẹ̀ ju kí ó fún ènìyàn ní ẹní lọ. Ó ń bọ́ àlejò, ó ń wá koríko fún ẹran rẹ̀, ó ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un, ó sì ń wá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀. Bí olùrà bá fẹ́ gba ọjà àwìn, baálé àlejò ni yóò dúró fún un. Bí awìn náà bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni olówó yóò lọ.

Kí ni àlejò ń san fún ibùsùn àti oúnjẹ? Kò san nǹkan kan. Lára owó ọjà tí ó bá tà ni baálé àlejò ti ń mú tirẹ̀. Lada ni àwọn Hausa ń pe owó alárinà yìí, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwa ń pè ní láádá. Ètò yìí kò parí pẹ̀lú àwọn ọ̀wọ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí Abner Cohen ṣe ìwádìí ní àdúgbò Sábó ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó bá a lẹ́nu iṣẹ́ láàárín àwọn oníṣòwò màlúù àti obì: oníṣòwò ń jẹ, ó ń sùn, kò sì san owó ilé, ṣùgbọ́n owó alárinà wà lórí gbogbo ọjà tí ó bá tà.

Nítorí náà, ohun tí a fi pamọ́ nínú ètò àwọn baba wa ni iye ibùsùn. Ó wà nínú iye ọjà, kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ onílé kò fara sin rárá. Láti Kano dé Salaga, oníṣòwò ti mọ ilé tí yóò wọ̀ sí kí ó tó kúrò nílé, orúkọ onílé náà sì ni ìdánilójú tí ó ní. Onílé tí ó bá rẹ́ àlejò kan jẹ ti pàdánù gbogbo ọ̀wọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìnájà láìfojúkojú

Ìnájà láìrí ẹni tí ń tà pàápàá kì í ṣe tuntun. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, kọ ọ́ ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi pé àwọn ará Carthage a máa kó ẹrù kalẹ̀ sí etíkun Áfíríkà, wọn a padà sínú ọkọ̀, wọn a sì mú kí èéfín rú. Àwọn ará ibẹ̀ a wá fi wúrà lélẹ̀, wọn a sì sún sẹ́yìn. Bí wúrà náà kò bá tó, àwọn ará Carthage a tún padà lọ dúró, títí àwọn tí ń rà yóò fi fi kún un. Ní ọdún 1974, òpìtàn P. F. de Moraes Farias tú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbà á bí ẹ̀rí tí ó dájú. Ìkìlọ̀ náà tọ́, nítorí lórí àwọn ọ̀nà tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu àti alárinà ni wọ́n fi ń ṣòwò.

Ohun tí ó dá wa lójú ni àṣà kékeré kan tí àwọn àgbà wa ṣì ń sọ. Ìyá àgbẹ̀ a máa pàtẹ iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, a sì bá oko rẹ̀ lọ. Ẹni tí ń kọjá a mú ọjà, a fi owó síbẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ń tà ni ojú kò rí, ṣùgbọ́n ọjà àti iye rẹ̀ wà ní gbangba. Ní ọdún 1998, ọjà tí a kò rí, tí a kò sì mọ orúkọ ẹni tí ń tà á, ni wọ́n gbé wá sójú ayé.

Ọgbọ́n ará Amẹ́ríkà

Jay Walker ni ó dá Priceline sílẹ̀ ní ọdún 1997, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Oṣù kẹrin ọdún 1998 ni wọ́n ṣí i fún àwọn oníbàárà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi yàrá ilé ìtura kún un. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba Amẹ́ríkà fún Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé àwọn ni wọ́n ni ọgbọ́n náà. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 5,794,207.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Oníbàárà yóò yan ìlú, àdúgbò, ọjọ́, àti iye ìràwọ̀ tí ó fẹ́ kí ilé ìtura náà ní. Yóò kọ iye tí ó fẹ́ san, yóò sì fi nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ilé ìtura kan bá gbà, owó ti lọ nìyẹn: ìgbà náà ni orúkọ ilé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, a kì í sì í dá owó padà. Bí kò bá sí èyí tí ó gbà, kò lè kàn fi owó kún un lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti yí nǹkan kan padà, bíi kí ó fi àdúgbò mìíràn kún èyí tí ó ti yàn, tàbí kí ó dúró di ọjọ́ kejì.

Kí ló dé tí ilé ìtura ńlá yóò fi gba irú owó kékeré bẹ́ẹ̀? Yàrá tí kò rí ẹni sùn sí lálẹ́ òní, a kò lè tà á mọ́ lọ́la. Ó dà bí tòmátì tí ó ti rọ̀ ní ọjà Arzèkè ní ìrọ̀lẹ́: ẹni tí ó tà á ní ẹ̀dínwó sàn ju ẹni tí ó rù ú padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọlọ́jà bá pariwo ẹ̀dínwó náà, àwọn tí ó ra tiwọn ní ọ̀wọ́n ní òwúrọ̀ yóò bínú, àwọn ti ọ̀la yóò sì máa dúró de ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi orúkọ pamọ́. Ilé ìtura ń ta yàrá tí ì bá ṣófo láìjẹ́ kí iye tí ó ń pè ní gbangba bàjẹ́. Hotwire, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, lo ìpamọ́ yìí kan náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iye lé yàrá.

Àwọn tí ó jèrè níbẹ̀, pàápàá àwọn tí ń lọ sinmi ní etíkun Florida àti àwọn erékùṣù Hawaii, kì í ṣe àwọn tí orí kàn bá ṣe. Wọ́n ń sọ iye tí ilé ìtura gbà lọ́wọ́ wọn fún ara wọn, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń gùn ún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń fi àdúgbò tí wọ́n mọ̀ pé kò ní ilé ìtura onírú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ kún èyí tí wọ́n yàn, kí wọ́n lè tún ní àǹfààní láti dá iye mìíràn láìsí ewu. Ẹni tí kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń san ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè dé ilé ìtura kí wọ́n tún gba owó àfikún lọ́wọ́ rẹ̀ fún ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti aga etí òkun. Àròyé lórí owó àfikún yìí pọ̀ débi pé Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ìṣòwò, kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ilé-iṣẹ́ ilé ìtura 22 ní ọdún 2012. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni òfin tí ó ní kí a sọ gbogbo iye náà láti ìbẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Baálé àlejò padà dé

Kí ni ìnájà afọ́jú yìí wá dà? Ní ọdún 2016, Priceline fòpin sí i fún ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà ni ó fi í sílẹ̀ fún ọkọ̀ àyálò àti ilé ìtura pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ náà ti ra Booking.com, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands ní ọdún 1996. Booking gbilẹ̀ débi pé ní ọdún 2018, gbogbo ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ náà gba orúkọ rẹ̀, ó di Booking Holdings.

Ẹ wo bí Booking ṣe ń jèrè. Àlejò kò san nǹkan kan fún iṣẹ́ ìwákiri yàrá. Ilé ìtura ni ó ń san owó alárinà, tí ó sábà máa ń súnmọ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún iye yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn màígídá, ṣé ẹ kò mọ ojú yìí? Alárinà tí ń fa àlejò wá, tí kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń mú tirẹ̀ lára owó tí ẹni tí ń tà ń gbà: lada náà ni. Ìnájà afọ́jú ti kásẹ̀ nílẹ̀, ètò àtijọ́ sì ti padà wá ní aṣọ tuntun.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà ṣá o. Màígídá ń gbé ní Zongo. Owó alárinà tí ó gbà, inú ìlú ni ó ń ná an. Bí oníṣòwò bá kú sí ọ̀nà, òun ni yóò sin ín. Alárinà òde òní kò dúró fún ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ilé tí ó ń tà. Bí ayẹyẹ Gaani bá kó èrò wá sí Nikki, tàbí tí ayẹyẹ oṣù kìn-ín-ní bá kó wọn lọ sí Ouidah àti àwọn ilé ìtura etíkun Grand-Popo, nínú gbogbo yàrá tí a bá gbà lórí fóònù, apá kan owó náà ti kọjá sí òkè òkun kí àlejò tó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀.

N kò sọ èyí kí a lè sá fún íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹfààní rẹ̀ kò ṣeé sẹ́: ará Parakou tí ń lọ sí Grand-Popo lè rí iye ilé ìtura mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí orúkọ ilé náà, ohun tí oníbàárà Priceline kò lè ṣe wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: kí ó pe onílé, kí ó kí i, kí ó sì ná ọjà. Onílé tí kò ní san owó alárinà lé e lórí ní àyè láti dín in fún un, àwọn méjèèjì yóò sì jèrè.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ mìíràn wà nílẹ̀. Àwọn ilé tí ó gba àwọn oníṣòwò obì, àti àwọn tí ó gba awakọ̀ àti oníṣòwò lẹ́yìn tí ojú irin Cotonou, tí ó gùn ní kìlómítà 438, dé ọ̀dọ̀ wa ní àwọn ọdún 1930, àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní àdúgbò wa. Wọ́n mọ ẹni tí ó wọ̀ sílé bàbá wọn àgbà, ìlú tí ó ti wá, àti bí wọ́n ṣe ń pín owó. Ìmọ̀ yìí ni ó gbé Parakou ró, inú orí àwọn àgbà nìkan ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà. Ẹ mú ìwé àti kálámù, ẹ lọ kí wọn, kí ẹ sì bèèrè orúkọ àwọn onílé wọ̀nyí kí wọ́n tó parẹ́.