Ta Ló Sọ Aago Àtijọ́ Di Ohun Iyebíye?

Àwọn tó ń kó aago ọwọ́ jọ pín sí ọ̀nà méjì, ìjà wọn kò sì tíì tán. Àwọn kan ní aago tí wọ́n ṣe kí ọdún 1970 tó dé ni aago gidi, pé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fáàrí. Àwọn kejì ní ọ̀rọ̀ aláròsọ nìyẹn: aago olówó ńlá tó ń jáde lónìí le ju ti àtijọ́ lọ, omi kì í ráàyè wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ti tú u palẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ohun tí apá méjèèjì jọ gbà láìjanpata ni pé nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni àwọn aago wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí a bá tọ ipasẹ̀ owó àti ìpolówó, a ó rí i pé ọjà kan náà ló bí àwọn méjèèjì, láàárín ọdún 1972 sí nǹkan bí ọdún 1990. Aago àtijọ́ lè ti pẹ́ láyé. Iyì tí wọ́n ń fún un kò pẹ́ rárá.

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn obìnrin ló sábà máa ń so aago mọ́ ọwọ́ ní Yúróòpù. Inú àpò ni ọkùnrin ń fi tirẹ̀ sí. Ojú ogun ló yí i padà, nítorí ọmọ ogun tó wà nínú kòtò kò ráàyè máa ki ọwọ́ bọ àpò kí ó tó mọ ìgbà tí gbogbo wọn yóò jọ dìde. Hans Wilsdorf, ọmọ Jámánì tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905, tó sì forúkọ Rolex sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1908, mọ̀ pé omi àti eruku ni ọ̀tá aago ọwọ́. Ní 1926 ó gbé Oyster jáde, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi tí a fi ń yí i ń lọ́ pinpin kí omi má baà wọlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mercedes Gleitze, òmùwẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé e kọ́rùn wọ inú òkun tó wà láàárín England àti ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fa Gleitze jáde kí ó tó gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí òtútù, òtítọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tún ìtàn náà sọ máa ń fò dá. Ṣùgbọ́n aago kò dúró, Wilsdorf sì sanwó ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn Daily Mail láti fi kéde rẹ̀. Irú ìpolówó yìí ló gbòde fún ogójì ọdún lẹ́yìn náà: aago yìí kì í gba omi, ọ̀hún kì í pàdánù ìṣẹ́jú. Submariner tí Rolex gbé jáde ní 1953 wà fún àwọn tó ń rì sódò, GMT-Master wà fún awakọ̀ òfuurufú Pan Am tó ń fo láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọn tó ń sáré mọ́tò ni Omega ṣe Speedmaster fún ní 1957 kí àwọn NASA tó yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì gbà á ní 1965, tó fi bá Buzz Aldrin dé ojú òṣùpá ní 1969. Irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Bọ̀rọ̀kìnní tó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun lówó, wúrà ló ń rà.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, Seiko gbé aago kan sórí àtẹ ní ilẹ̀ Japan tó ń lo bátìrì àti òkúta quartz. Astron ni orúkọ rẹ̀, 450,000 yẹ́nì ni iye rẹ̀, owó tí ènìyàn lè fi ra mọ́tò kékeré nígbà náà. Òkúta inú rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́nà tó ṣe déédéé tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí aago eléyín kankan tó lè bá a dọ́gba. Kò pẹ́ tí owó rẹ̀ fi já wálẹ̀, tí aago tó péye jù lọ láyé sì di ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń rà. Swítsàlandì ló forí fá a. Ní 1970, nǹkan bí 90,000 ènìyàn ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ aago níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, díẹ̀ ló fi lé ní 30,000. Ní 1975, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ni ilé-iṣẹ́ aago Zenith pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ aago tí kò lo bátìrì dúró, kí wọ́n sì ta irinṣẹ́ rẹ̀ ní kìlò-kìlò bí irin àlòkù. Charles Vermot, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kọ̀. Ó ń kó irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ aago El Primero pamọ́ sí òkè àjà díẹ̀díẹ̀, ó sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Nígbà tí ọjà yí padà, ohun tó kó pamọ́ yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rọ El Primero yìí kan náà sì ni Rolex tún ṣe tó fi sínú Daytona tuntun ní 1988.

Kí ló yí ọjà padà? Ohun tí àwọn ará Swítsàlandì ṣe gan-an ni ìdáhùn. Ní 1972, Audemars Piguet gbé Royal Oak jáde, èyí tí Gérald Genta ya àwòrán rẹ̀: irin ni, ó sì wọ́n ju ọ̀pọ̀ aago oníwúrà ìgbà náà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí wọn kò pé. Patek Philippe tẹ̀ lé e ní 1976 pẹ̀lú Nautilus, aago irin mìíràn tí Genta náà yà. Ní 1982, Jean-Claude Biver àti Jacques Piguet fi nǹkan bí 22,000 fráǹkì ra orúkọ Blancpain, ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé. Wọ́n ń pariwo pé Blancpain kò ṣe aago quartz rí, kò sì ní ṣe é láéláé. Ní 1992 wọ́n tà á ní 60 mílíọ̀nù fráǹkì. Ẹ wo ohun tí wọ́n tà. Kì í ṣe àkókò tó péye, nítorí aago pọ́ọ́kú ti borí wọn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tà ni ìran, iṣẹ́ ọwọ́, àti bí kò ṣe pọ̀ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni oníṣòwò aago àtijọ́ ń sọ fún oníbàárà lónìí, kò fi ẹyọ kan yàtọ̀.

Ẹ̀rí wà nínú iye owó. Ní 1963 ni Rolex gbé Daytona jáde. Èyí tí ojú rẹ̀ ṣe kàlákìnní kò tà bọ̀rọ̀, ó ń gba eruku lórí àtẹ àwọn olùtajà. Ìgbà tí àwọn olùkójọ ní Ítálì gbé e sókè ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n sì fi orúkọ òṣèré Paul Newman pè é, ló di àwárí. Ní 2017, èyí tí Newman fúnra rẹ̀ wọ̀ tà ní gbàǹjo ní New York ní dọ́là tó lé ní 17 mílíọ̀nù. Patek 1518, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1941, tún sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wúrà ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù. Mẹ́rin péré ni a mọ̀ tó jẹ́ irin. Ní 2016, ọ̀kan nínú onírin náà tà ní mílíọ̀nù 11 fráǹkì ní Geneva, tí onírin fi borí oníwúrà pátápátá. Ní ìgbà tí wọ́n ṣe é, bí ẹnìkan bá sọ pé irin yóò wọ́n ju wúrà lọ, wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín. Royal Oak ló kọ́kọ́ kọ́ olówó pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe aago tuntun kò sì fọwọ́ lẹ́rán máa wo gbàǹjo. Lọ́dún 2007, Omega fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń na owó lé aago Omega níbi gbàǹjo kan ní Geneva tí Omega nìkan ni wọ́n tà níbẹ̀. Ní 2021, Speedmaster àkọ́kọ́ kan tà ní mílíọ̀nù 3.1 fráǹkì, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Omega ló rà á. Ní 2023 ni àṣírí tú pé ayédèrú àsopọ̀ ni, pé wọ́n kó ẹ̀yà láti ara aago oríṣiríṣi jọ sínú rẹ̀. Omega fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Aago àtijọ́ ni ẹ̀rí tí aago tuntun fi ń sọ pé ìran òun ga. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta tuntun kò fi ní jẹ́ kí àtijọ́ di pọ́ọ́kú.

Ẹnìkan lè sọ pé Patek, Vacheron àti Cartier ti jẹ́ ti olówó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ni. Cartier ṣe aago ọwọ́ fún Alberto Santos-Dumont, awakọ̀ òfuurufú ọmọ Bràsíl, ní 1904, kì í sì í ṣe fún tálákà. Ṣùgbọ́n ọlá ìgbà náà dúró lórí ohun tí a fi ṣe aago àti wàhálà tó wà nínú ṣíṣe rẹ̀. Aago náà ṣì gbọ́dọ̀ sọ àkókò dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olówó yóò dá a padà. Ọlá tó dé lẹ́yìn 1972 ni kò nílò ìyẹn mọ́.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ: ojú ló fẹ́ràn ojú aago tó ti ṣá, kì í ṣe owó. N kò ní bá ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ojú náà ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí aago bá wọ ilé àtúnṣe àwọn tó ṣe é, wọ́n a yọ ojú rẹ̀ tó ti pọ́n, wọ́n a fi tuntun sí i, oníbàárà a sì dúpẹ́. Ohun tó ń tàn nínú òkùnkùn lára aago ṣáájú àwọn ọdún 1960 ni rédíọ̀mù, ohun tó pa àwọn ọmọbìnrin tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní Amẹ́ríkà. Pípọ́n tí rédíọ̀mù àti tritium tó rọ́pò rẹ̀ pọ́n, àbùkù ni wọ́n kà á sí nígbà náà. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń po ọ̀dà aláwọ̀ ìpara sí aago tuntun kí ó lè dà bí èyí tó ti gbó.

Ní ti wíwọ̀, mo gbà pé tuntun ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ fi aago wẹ odò tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí mágínẹ́ẹ̀tì. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí a ń san mílíọ̀nù fún nìyẹn. Casio olówó kékeré yóò ṣe é. Rolex fúnra rẹ̀ sì ti fòpin sí àríyànjiyàn náà ní tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lu aago àlòkù tó ti lé lọ́dún mẹ́ta, pẹ̀lú ìdánilójú ọdún méjì; ní 2023 ó kéde pé òun fẹ́ ra Bucherer, ilé ìtajà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ta aago àlòkù olóǹtẹ̀ náà, tó ń ta tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.