Ọ̀kẹ́ kan: ohun tí gírámà sọ nípa ìtàn 20,000

Nínú àpilẹ̀kọ kúkurú yìí, mo fẹ́ fi hàn pé gírámà lè jẹ́rìí sí ìtàn. Iye tí mo mú ni 20,000. Orúkọ méjì ni Yorùbá ní fún un: ẹgbàáwàá àti ọ̀kẹ́ kan. Kí ló dé tí iye kan fi ní orúkọ méjì?

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe di ọ̀rọ̀. Igba (200) ló bí ẹgbẹ̀ta (600) àti ẹgbẹ̀rin (800). Ẹgbàá (2,000) ló bí ẹgbàájì (4,000) àti ẹgbàáta (6,000), títí dé ẹgbàáwàá. Ìpìlẹ̀ àti òǹkà tó tẹ̀ lé e ti wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kẹ́ méjì la ń wí, bí a ṣe ń wí ilé méjì. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ la sì ń wí fún mílíọ̀nù kan, bí a ṣe ń wí àádọ́ta ilé. Ọ̀rọ̀-orúkọ ohun tí a ń kà ni ọ̀kẹ́.

Owó ẹyọ ló tú u fún wa. Ọ̀kẹ́ ni àpò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n máa ń sín ogójì ẹyọ sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ló kún ọ̀kẹ́ kan: 40 × 50 × 10. Ní Ouidah náà, ogójì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, márùn-ún rẹ̀ sì di igba. Nígbà tí Adolphus Mann kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní 1887, ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fa ẹyọ jọ ní márùn-ún márùn-ún.

Ẹ wo iye náà fúnra rẹ̀: 20,000 = 2⁵ × 5⁴. Iye 30 ló lè pín in láìṣẹ́kù, 5, 20, 40, 200 àti 2,000 sì wà lára wọn. Nítorí náà, kò sí ìpele kan tí ẹni tó ń ka owó ti máa ní àṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́ta bá fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan, 6,666 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì a sì ṣẹ́kù.

Èyí kò túmọ̀ sí pé owó ẹyọ ló bí gbogbo òǹkà wa. Ọ̀kẹ́ nìkan ni ẹ̀rí yìí kàn. Irú rẹ̀ ṣì wà lónìí ní ọ̀nà tó gba Parakou lọ sí Niger: àwọn Hausa àti Zarma ń pe fáráǹkì márùn-ún ní dala, tí 100,000 fáráǹkì fi jẹ́ 20,000 dala. Owó tó wà lọ́wọ́ ló ń pinnu ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Èdè Faransé ni mo fi kàwé, mo sì mọ̀ bí mille ṣe rọrùn tó. Àwọn kan ń fẹ́ kí a fi òǹkà onídìpọ̀ mẹ́wàá rọ́pò ti àtijọ́ nílé ìwé. Wọ́n lè rí i ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣòro ìṣirò nìkan kọ́ ni ọ̀kẹ́ jẹ́. Faransé ń kọ́ àwọn ọmọ ní quatre-vingts, ẹnikẹ́ni kò pè é ní àbùkù. Bí a bá yọ ọ̀kẹ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ láìsọ ìtàn rẹ̀, àwọn ọmọ wa á máa pe àádọ́ta ọ̀kẹ́ láìmọ̀ pé àpò owó ni wọ́n ń kà.