Ojú Ta Ni, Ohùn Ta Ni? Àwòrán Olùkọ́ni ní Agbègbè Adja-Ouèrè

Bí àgbẹ̀ kan ní Adja-Ouèrè bá ń wo fídíò lórí fóònù, tí ènìyàn inú àwòrán ń kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà, ìbéèrè méjì ló jẹ yọ: ojú ta ni èyí, ohùn ta sì ni? Èrò wa ni pé ìbéèrè kejì ló wúwo jù, ìtàn sì gbè wá lẹ́yìn.

Ìran Nàgó ti mọ ojú tí ń kọ́ni tipẹ́ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé. Ojú ère náà sábà máa ń tutù, tí kì í jọ ti ẹnì kan pàtó. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sórí rẹ̀ àti orin ẹ̀fẹ̀ ló ń bá ìlú wí, ní ẹ̀ka-èdè ìlú.

Nígbà tí ilé-ìwé Faransé dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ìwé kíkà André Davesne, *Mamadou et Bineta*, ọmọ adúláwọ̀ ni àwọn tí a yà, ṣùgbọ́n Faransé ni ìwé náà ń kọ́ni. Ojú jọ tilé, ohùn jẹ́ tàjèjì.

Lóde òní, ẹgbẹ́ Scientific Animations Without Borders, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois, ń ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì fi ohùn oríṣiríṣi èdè sí i. Yorùbá wà lára wọn. Ní 2018, Bello-Bravo, Tamò, Dannon àti Pittendrigh tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi irú fídíò yìí wé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojúkojú láàrin àwọn àgbẹ̀ Benin. Àwòrán tí yóò sin orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò lè wọ aṣọ ìlú kan ṣoṣo. Ní ti èyí, ó sún mọ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ju ìwé Davesne lọ: ojú gbogbo ayé, ohùn àdúgbò.

Ṣùgbọ́n “Yorùbá” wo ni ohùn náà? Yorùbá àjùmọ̀lò ti ilé-ìwé Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí Ọ̀họ̀rí ń sọ nínú oko. Bí a kò bá ka ẹ̀ka-èdè kún, àṣìṣe ìwé kíkà àtijọ́ ni a ó tún ṣe. Iṣẹ́ ayàwòrán parí lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè kù ní abúlé kọ̀ọ̀kan.