Àwọn Ọkọ̀ Ogun Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ń Sọ Wọ́n Di Ọ̀tun

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí òwe yìí ni àwa fi yàn láti kọ ìtàn kan sínú ìwé ẹgbẹ́ ìlú wa ti ọdún yìí, bí ó tilẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣe àjèjì létí ẹ̀yin ará wa nílé àti lẹ́yìn odi. Ìtàn náà dá lórí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí àwọn ọmọ ogun lò nígbà ogun Hitler, àti lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi owó ara wọn àti ọwọ́ ara wọn tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́, tàbí pé wọ́n ń retí èrè kan.

Ohun tí ó mú wa ro ọ̀rọ̀ yìí kò tóbi. Ní ọjọ́ kan nínú kíláàsì, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ya àwòrán bọ́lẹ̀kájà. Àwọn ọmọ náà ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan ya bọ́ọ̀sì. Òmíràn ya tírélà. Ẹnì kẹta béèrè bóyá ẹranko ni. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ wa lẹ́nu. Ọkọ̀ tí ó gbé àwọn bàbá wọn àgbà lọ sí ọjà àti sí Èkó ti parẹ́ títí dé orúkọ. Kò pẹ́ sí àkókò náà ni ọmọ ìlú wa kan tí ń gbé ní Ìlú Ọba fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa: ọkọ̀ Bedford ológun tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ń rìn lójú títì bí ẹni pé àná ni ó ti ilé-iṣẹ́ jáde. Àwa bá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ìlú Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ akẹ́rù Bedford ní ọdún 1931. Nígbà tí ogun dé ní 1939, ilé-iṣẹ́ náà yí padà sí iṣẹ́ ìjọba. Kí ogun tó parí, nǹkan bí 250,000 ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti ṣe. Ọ̀kan nínú irú wọn ni èyí tí à ń pè ní QL. Láti 1941 títí di 1945, QL tí wọ́n ṣe lé ní 50,000. Ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ó ń gbé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí ó fi lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní GMC tiwọn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí iye rẹ̀ lé ní 500,000. Ní Kánádà pẹ̀lú, àwọn ilé-iṣẹ́ Ford àti Chevrolet ṣe ọkọ̀ ológun tí ó lé ní 400,000 fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ọba.

Kí ni wọ́n ń fi gbogbo wọn ṣe? Ìbọn kò lè jà bí ọta kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; ọmọ ogun kò lè rìn bí ebi bá ń pa á. Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lé àwọn ará Jámánì sá ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń sáré tọ̀ wọ́n lẹ́yìn tọ̀sán-tòru, láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá. Red Ball Express ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Nínú awakọ̀ mẹ́rin tí ó wà níbẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta ni ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí òfin ogun ilẹ̀ wọn kò tilẹ̀ gbà kí dúdú àti funfun máa gbé pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ogun kan náà.

Ìtàn náà kan ilé wa pẹ̀lú. Ní ọdún 1941, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ará Ítálì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. A gba Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta wọ́n dé Jijiga. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta kan náà wọ́n wọ Harar. Ṣùgbọ́n ní Bọ́mà, ọ̀ràn yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ni ó fi ọwọ́ la ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí máìlì 75 gba orí òkè, kí jíìpù lè dé àfonífojì Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Níbi tí ọ̀nà náà pin sí, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ sí wọn láti òkè. Àwọn tí ó padà sílé nínú wọn mọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe fún ènìyàn, wọ́n sì mọ ohun tí àìsí ọkọ̀ ń ṣe fún ọrùn.

Lẹ́yìn ogun, a ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ní gbàǹjo káàkiri ayé. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ ọkọ̀ wíwà àti ọkọ̀ títúnṣe nínú iṣẹ́ ogun sọ ọ́ di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ní ilẹ̀ wa, àwọn káfíńtà a máa kan ilé pákó lé ọkọ̀ akẹ́rù lórí, akunlé-kunkọ̀ a kọ òwe àti àdúrà sí i lára, ó sì di bọ́lẹ̀kájà. Kì í ṣe gbogbo bọ́lẹ̀kájà ni ó ti ṣe sójà rí. Púpọ̀ nínú wọn dé ní tuntun láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni Bedford ológun àti Bedford ọlọ́jà, ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan tún ṣe yóò mọ èkejì.

Ní Ìlú Ọba, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn agégẹdú ni ó ra púpọ̀ nínú ọkọ̀ ogun náà. Wọ́n lò wọ́n títí wọ́n fi gbó, wọ́n sì pa wọ́n tì sínú igbó. Ní ọdún 1968, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Military Vehicle Trust lónìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà dá tiwọn, Military Vehicle Preservation Association, sílẹ̀ ní 1976. Ní 2009, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà yìí kó ọkọ̀ àtijọ́ wọn jọ, wọ́n sì tún rin ìrìn àjò láti Washington dé San Francisco, tí àwọn ológun ilẹ̀ wọn fi ọjọ́ 62 rìn ní ọdún 1919.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ oníwàdùwàdù. Bí ẹnìkan bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú igbó, kò gbọdọ̀ fi agbára yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nítorí pé bí ìpẹtà bá ti lẹ písítìnì mọ́ inú ilé rẹ̀, ipá yóò fọ́ ọ ni. Yóò yọ àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, yóò da òróró sí ojú ihò wọn, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò tú ọkọ̀ náà palẹ̀ títí yóò fi ku ṣaasí nìkan. Ohunkóhun tí ó bá tú, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò sì so àmì mọ́ ọn, kí nọ́ọ̀tì kan má baà di aláìnílé. Rọ́bà inú bíréèkì, tuntun ni yóò fi sí i, ìbáà jẹ́ pé ti àtijọ́ ṣì dára lójú, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun àfidánwò.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti ọ̀dà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í fọ ọ̀dà àtijọ́ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn a máa fi sùúrù ha á ní ìpele-ìpele, láti orí ọ̀dà àgbẹ̀ dé orí ọ̀dà sójà, títí wọn yóò fi rí nọ́ńbà tí àwọn ológun kọ sí ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní ti ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà L ni ó ń ṣíwájú nọ́ńbà náà. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, ìdùnnú wọn dà bí ti ìdílé tí ó rí ọmọ rẹ̀ tí ó sọnù. Ọkọ̀ náà kì í ṣe irin lásán mọ́. Ó ti ní orúkọ.

Ṣùgbọ́n títún un ṣe kò le tó títọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá dúró sójú kan yóò kú. Omi yóò wọ inú òróró bíréèkì, bátìrì yóò kú, táyà yóò tẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, epo bẹntiróòlù tí ó wọ́pọ̀ jù ní Ìlú Ọba ní ọtí ethanol tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá nínú, ọtí yìí a sì máa jẹ rọ́bà àtijọ́. Nítorí náà olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì máa wà á jáde lóòrèkóòrè, yálà ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tàbí kò rọ̀ ọ́. Àwọn arúgbó tí wọ́n mọ gíà àtijọ́, tí a ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọlé, ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí ẹ̀kọ́ yìí bá já, ọkọ̀ náà yóò di ère.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé ìfẹ́ ogun kọ́ ni èyí? Ṣé eré àwọn olówó kọ́? A kò sẹ́ pé owó ń lọ níbẹ̀, a kò sì sẹ́ pé àwọn kan fẹ́ràn aṣọ sójà ju ìtàn lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí ó pé ọgọ́rin ọdún tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Normandy, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí rìn lọ sí èbúté náà. Àwọn ológun tí ó ṣẹ́kù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Láìpẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ pé, “Èmi wà níbẹ̀.” Irin nìkan ni yóò kù láti jẹ́rìí.

Ní ilẹ̀ wa, irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní Umuahia, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí ìjọba ṣí ní 1985 tọ́jú àwọn ọkọ̀ tí àwọn ará Biafra fi irin bò nígbà ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970. Ìlú tiwa ńkọ́?

Ó kù ohun kan tí a ní láti jẹ́wọ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, òkú ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn ọjà àtijọ́, tí a máa ń gùn ṣeré. Àwọn àgbà ní ọkọ̀ sójà ni tẹ́lẹ̀, pé bàbá kan tí ó lọ sí Bọ́mà ni ó ń wà á. A mọ bàbá náà; a máa ń kí i lójoojúmọ́. A kò jókòó tì í lọ́jọ́ kan kí a bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí a di olùkọ́, tí a sì ní kí a béèrè, bàbá ti lọ sí àjùlé ọ̀run, àwọn tí ń ra irin àlòkù sì ti gé ọkọ̀ náà kó lọ. Ẹ̀bi ẹlòmíràn kọ́. Tiwa ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Èkínní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tí ó bá lọ sí ogun láti ilé wọn, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àwòrán bọ́lẹ̀kájà tàbí ìwé awakọ̀ àtijọ́ mú un wá fún wa láti dà kọ. Ẹ̀kẹta, bí a bá rí ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣoṣo ní gáréèjì ẹnikẹ́ni, kí a rà á kí àwọn onírin tó dé, kí a gbé e sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn mẹkáníìkì ìlú sì fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí ó bá gba ọdún mẹ́wàá kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dún, kò burú.

Ìrántí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Iṣẹ́ ni, ó sì ń fẹ́ òróró. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àmín.