Òfin Ayò ní Ṣábẹ̀ẹ́: Ta Ló Ni Ín?

Ẹnu àgbà ni òfin ayò ti wá ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdílé tó lè pè é ní tirẹ̀. Ìwé títẹ̀ ló sọ ọ̀ràn náà di ti ẹ̀tọ́. Nígbà tí òǹkọ̀wé kan, Odeleye, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ayò jáde ní 1977, gbólóhùn tó fi ṣàlàyé eré náà di tirẹ̀, ṣùgbọ́n eré fúnra rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ gbogbo wa. Ìlànà kan náà ló wà nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Benin gbé jáde ní 2006: ọ̀rọ̀ tí a kọ ni à ń dáàbò bò, kì í ṣe èrò.

Àwọn kan á ní, bí eré bá jẹ́ ti gbogbo ayé, kí ló dé tí a kò lè ya ojú ìwé Odeleye sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Nítorí pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa. Kí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ òfin ayò, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.