Etí Òrùlé: Ìtàn Páákó tí Ojú Kì í Kà Sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe yìí wà lára àwọn tí a máa ń kà ní kíláàsì tí a sì máa ń gbàgbé. Kò yé mi dáadáa títí di àkókò òjò tó kọjá, nígbà tí páákó kan já bọ́ láti etí òrùlé ilé ìyá ìyá mi ní Ìbàdàn. Páákó yẹn ni àwọn kápẹ́ńtà ń pè ní fásíà. Ẹnu àwọn igi òrùlé ni wọ́n ń kàn án mọ́, òun náà ni ó sì ń gbé gọ́tà tó ń gba omi òjò dúró. Ó ti jẹrà débi pé ìka lásán ń wọ inú rẹ̀.

Kápẹ́ńtà wò ó títí, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó ọdún mélòó tí ẹnì kan ti gòkè débí?"

Màmá ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ ni."

Ìdáhùn yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Báwo ni àwọn baba ńlá wa ṣe ń tọ́jú etí òrùlé kí páákó àti gọ́tà tó dé?

Ilé amọ̀ ni ilé ayé àtijọ́, omi sì ni ọ̀tá amọ̀. Ìdí nìyí tí ògiri kì í fi í ga jù, tí òrùlé koríko tàbí ti ewé fi máa ń yọ jáde kọjá ògiri, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rò má baà máa ta sí ìdí ilé. Nínú agbo ilé, òrùlé a máa kọjú sí àárín. Omi òjò á dà síbẹ̀, wọ́n á gbé ìkòkò gbà á, èyí tó bá kù á sì gba ojú àgbàrá jáde. Wọn kò nílò fásíà, nítorí koríko fúnra rẹ̀ ni etí òrùlé. Ṣùgbọ́n koríko kì í tọ́jọ́. Òjò ń rà á, ikán ń jẹ ẹ́, iná sì lè jó o. Ẹni tó bá ń kọ́lé ti mọ̀ pé òun yóò tún un bò.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ ni ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́. Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko tí wọ́n fi ń bo ilé. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ a máa di ẹrù bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa ọdún yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó gbé koríko wá ń fi hàn pé òun ṣì ń sin Aláàfin. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó wà ní ìdí rẹ̀: títún òrùlé ṣe ní gbogbo ọdún jẹ́ iṣẹ́ tó ní ọjọ́, tó sì ní àwọn tí yóò ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni páánù dé. Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí páánù onígbì tí a mọ̀ lónìí. Ní 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lórí fífi síńkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó páánù wá sí etíkun wa. Ní àkókò yẹn kan náà ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil ń padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tó wáyé ní Bahia ní 1835. Àwa ń pè wọ́n ní Àgùdà. Bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan lára wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894. Ilé Olómi ti ìdílé da Rocha ní òpópónà Kakawa náà jẹ́ ilé Àgùdà.

Irú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí yí ọ̀rọ̀ etí òrùlé padà. Ògiri ti ga, omi sì ń já láti òkè réré. Páánù kò nípọn bíi koríko, nítorí náà ẹnu àwọn igi òrùlé wà ní gbangba. Páákó ni wọ́n fi ń bò ó, kí òjò, ẹyẹ àti àdán má baà ráyè wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀; ọ̀rọ̀ òrùlé náà kò yàtọ̀.

Báwo ni páákó náà ṣe ń bàjẹ́? Bí páánù kò bá yọ kọjá páákó dáadáa, omi á yí padà lábẹ́ rẹ̀, á sì máa ṣàn sí ara igi. Bí ewé bá dí gọ́tà, omi á kún, á dà sẹ́yìn. Kápẹ́ńtà wa kọ́kọ́ tú gọ́tà sílẹ̀. Ó wá ń fi ìṣó gún páákó. Ibi tí ìṣó bá ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti jẹrà nìyẹn. Ó gé e títí dé ibi tí igi ti le. Ó yẹ ẹnu igi òrùlé wò, nítorí bí ìyẹn náà bá ti jẹrà, ìṣó kò ní rí nǹkan dì mú. Ìrókò ló ní ká rà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Kí ó tó kàn án, ó kun Solignum sí iwájú, sí ẹ̀yìn àti sí orí méjèèjì, nítorí ẹ̀yìn tí a kì í rí ni ìjẹrà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó sì gbé gọ́tà kí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tí páìpù wà.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Kí ló wá dé tí kò sẹ́ni tó ṣe é fún ọdún gbọọrọ? Èrò mi ni pé páánù ló tàn wá. Koríko ń pe onílé lọ́dọọdún. Páánù lè dákẹ́ fún ogún ọdún, kí páákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa jẹrà. Iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ mọ́ kò sì ní ẹni tí yóò ṣe é mọ́, pàápàá nínú ilé ẹbí tí gbogbo ọmọ jọ ni ín.

Ẹ wo Ilojo Bar ní Tinubu Square, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ìkéde kò gun orí òrùlé. Ilé náà ń gbó lọ, títí wọ́n fi wó o palẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016.

Ní ilé tiwa náà, nígbà tí ẹbí pàdé lórí owó kápẹ́ńtà, ẹnì kan ní kí a kúkú ta ilé náà. Màmá kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló dáhùn pé owó páákó mẹ́ta kò tó ohun tí a ó fi ta ilé bàbá ẹni. Wọ́n wá pín in: ọmọ márùn-ún ni wọ́n, olúkúlùkù ní ọdún tirẹ̀ tí yóò mú àkàbà, tí yóò kó ewé inú gọ́tà, tí yóò sì yẹ páákó wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Mo sọ fún wọn pé Bẹẹrẹ ni wọ́n dá sílẹ̀ yẹn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé ti ń pọ̀ jù lórí mi.

Ọdún tó ń bọ̀ kan màmá mi. Èmi ni yóò gun àkàbà.