Ijó Sardana ti Ilẹ̀ Catalonia

Bí fèrè kékeré kan bá ti dún ní ojúde ìlú ní Catalonia, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Spain, àwọn ènìyàn a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn a sì ṣe agbo, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Sardana ni orúkọ ijó náà. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wọ inú agbo, kìkì pé kò gbọdọ̀ gba àárín ọkùnrin àti obìnrin tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀ kọjá.

Àwọn ará Catalonia a máa ka ijó yìí sí ogún àwọn baba ńlá wọn. Lóòótọ́ ni orúkọ náà ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ń pè ní àṣà àtayébáyé, ó yẹ kí a bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Sardana tí a ń jó lónìí kò tí ì pé igba ọdún. Ẹni tí ó tún un ṣe ni Pep Ventura, ọmọ ológun kan, tí a bí ní 1817 ní Alcalá la Real ní Andalusia, ní gúúsù Spain lọ́hùn-ún. Ní Figueres, ní agbègbè Empordà, ni ó gbé ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní 1875.

Ṣáájú rẹ̀, gígùn kan náà ni gbogbo orin sardana, onífèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó sì ń kọ ọ́. Ventura sọ orin di gígùn, ó sì fi kún àwọn olórin. Ó gbé tenora síwájú, fèrè gígùn olóhùn líle tí Andreu Toron ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 1849 ní Perpignan, lábẹ́ ìjọba Faransé. Ẹgbẹ́ olórin náà, cobla, di ènìyàn mọ́kànlá. Ẹni tí ó ń fun fèrè kékeré a so ìlù mọ́ apá kan náà, a sì fi ọwọ́ kejì lù ú.

Láti ìgbà náà ni ìṣirò ti wọ inú ijó. Nítorí pé gígùn orin kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ẹnìkan nínú agbo gbọ́dọ̀ máa ka ìwọ̀n ìlù, kí gbogbo ẹsẹ̀ lè parí pọ̀. Ní apá kúkúrú, ọwọ́ a wà nílẹ̀. Ní apá gígùn, a ó gbé e sókè. Ojú àwọn oníjó a sì le koko bí ojú akọ̀wé owó. Kò yani lẹ́nu.

Ní 1907 Enric Morera ṣe orin “La Santa Espina”, Àngel Guimerà sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ di orin orílẹ̀-èdè wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Primo de Rivera fi òfin dè é ní 1924. Lábẹ́ Franco pẹ̀lú, èèwọ̀ ni.

Láti ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ ará Andalusia wá iṣẹ́ wá sí Barcelona, àwọn kan sì ń pè wọ́n ní àjèjì. Ní ojúde ìlú náà, tenora Ventura ṣì ń dún.